Òwìwí Kékeré àti Ìyálé Màmá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, lábà bàbá mi lọ́nà Ayétòrò, òwìwí kan ń gbé nínú igi iyeyè ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ má wojú ara yín. Orí mi pé, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Òwìwí ni mo wí, n kò wí pé àdàbà. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè dìde lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́, kó sún mọ́ mi, torí ohùn mi kò lọ sókè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òwìwí nílẹ̀ Yewa wa yìí, láti Ìlaròó títí dé bọ́dà. Wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Bó bá ké nítòsí ilé ẹnìkan, onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n pé. Nígbà tiwa, bí àwọn ìyá wa bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n á bu iyọ̀ sínú iná, wọ́n á ní kó ta á lẹ́nu kó lè gba ibòmíràn lọ. Iyọ̀ sì wọ́n nígbà náà o. Mo rántí ìyá kan lábà wa tó bu iyọ̀ sínú iná títí tí kò fi ku èyí tí yóò fi sebẹ̀, tí gbogbo ilé rẹ̀ sì jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́. Òwìwí kò pa wọ́n, ọbẹ̀ ló fẹ́ pa wọ́n.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi òwìwí tiwa hàn mí ni ìyálé màmá mi. Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́. Ìyálé yìí, tí mo ń pè ní Màmá Àgbà, ọmọ Àgọ́sásà ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti wà nílé ọkọ ní Pobẹ̀, lódìkejì bọ́dà níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Màmá mi, tó wá láti Ìlobì, ni ìyàwó, èmi nìkan sì ni ọmọ tó wà nílé. Oyún bà jẹ́ lára màmá mi lẹ́yìn tó bí mi, ó sì tún bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, débi pé bí ẹnìkan bá sín nínú ilé wa, bàbá mi á béèrè bóyá màmá mi ni. Ọwọ́ Màmá Àgbà ni mo dàgbà sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń sùn, abọ́ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun, bí mo bá sì ṣẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà ló ń dún létí mi.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, màmá mi tún lóyún. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìyàwó ni ilẹ̀ gbígbá. Ìyálé kì í gbálẹ̀ fún ìyàwó. Àwọn tó bá rí i á ní ìyàwó náà kò lẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, Màmá Àgbà gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ jí, yóò sì ti gbá gbogbo àyíká kí ẹlòmíràn tó ṣílẹ̀kùn. Àárọ̀ ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ ló jí mi, ó fà mí lọ́wọ́ dé abẹ́ igi iyeyè, ó ní, “Wá wo àlejò wa. Má pariwo o.”

Mo wòkè. Ihò kan wà lára igi náà tí ẹyẹ àkókó ti gbẹ́ nígbà kan tó sì fi sílẹ̀. Orí ẹ̀ka tó wà níwájú ihò yẹn ni òwìwí náà bà sí. Mo ti rò pé nǹkan ńlá ni yóò jẹ́, nítorí bí gbogbo ayé ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Kò tó àdàbà. Ó rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ, àmì funfun kéékèèké wà lára rẹ̀ káàkiri bí ẹni pé wọ́n ta efun sí i lára, ojú rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú bí iyeyè tó pọ́n. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Nígbà tó wá yí orí padà, mo rí ojú méjì mìíràn ní ìpàkọ́ rẹ̀, dúdú, tí àwọn náà ń wò mí. Ẹkún ni mo bú sí.

Màmá Àgbà fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Irọ́ ni ìyẹn. Ìyẹ́ ni, kì í ṣe ojú. Ó fi ń tan ẹni tó bá fẹ́ ti ẹ̀yìn gbá a mú ni. Ẹni tí gbogbo ayé kórìíra, ṣé kò yẹ kó ní ojú lẹ́yìn ni?”

Láti ọjọ́ náà ni èmi àti òun ti ń ṣọ́ ẹyẹ. Ẹ̀yin gbọ́ pé òru nìkan ni òwìwí ń jáde. Ti àwọn ńlá nìyẹn. Èyí kékeré yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ka òru kún. Ojúmọmọ la máa ń rí i, pàápàá láàárọ̀ àti nígbà tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀. Yóò jókòó sórí ẹ̀ka, yóò máa ju ìrù sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí inú ń bí, ojú rẹ̀ á sì wà nílẹ̀. Bí tata bá fò tàbí tí aláǹgbá bá sáré kọjá, wéré ló ti já lù ú. Mo ti rí i tó gbé aláǹgbá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn jù ú lọ, tó ń fò lọ́nà wọ́gọwọ̀gọ, tí kò sì jẹ́ fi í sílẹ̀. Olójúkòkòrò ni, ká má parọ́.

Bó bá fẹ́ ké, kì í hu bíi ti àwọn ńlá. Súfèé ló ń sú. Fíù, fíù, fíù, yóò máa yára sí i, yóò máa lọ sókè, bí ọmọdé tó ń súfèé pe ajá. Nígbà tó bá ga débi tí kò lè ga mọ́, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò wá fa àwọn súfèé gígùn kan wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo kọ́ bó ṣe ń sú u. Mo ṣì lè sú u títí di òní bí eyín mi bá gbà fún mi.

Àwọn ẹyẹ kéékèèké kò fẹ́ rí i sójú. Bí ẹ̀gà kan bá ti fojú kàn án, yóò pe àwọn yòókù, wọ́n á yí i ká, wọ́n á máa bú u, wọ́n á máa fò kọjá lẹ́bàá orí rẹ̀. Òwìwí yóò jókòó bí ẹni tí kò gbọ́. Màmá Àgbà a máa wí pé, “Wò ó bí ìyàwó tuntun láàárín àwọn àbúrò ọkọ. Bí wọ́n bá bú u tó, á sú wọn.” Lóòótọ́, á sì sú wọn, wọ́n á túká.

Tọkọtaya ni òwìwí wa. Nígbà tí abo wà lórí ẹyin nínú ihò, akọ ló ń wá oúnjẹ. Yóò dé sórí ẹ̀ka pẹ̀lú ẹ̀lírí lẹ́nu, yóò súfèé jẹ́jẹ́, ìyàwó rẹ̀ á yọ orí síta, á gba ẹran náà, á tún wọlé. “Lọ pe bàbá rẹ kó wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyàwó,” ni Màmá Àgbà á wí, àwa méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín sínú kí bàbá mi má bàa gbọ́.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún yín dáadáa, torí ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí òwìwí bá jẹ ẹran tán, irun àti egungun ẹran náà kì í dà nínú rẹ̀. Ńṣe ni inú rẹ̀ á ká wọn jọ, á dì wọ́n ní kóró kan tó tó ìka ọmọdé. Yóò wá na ọrùn, yóò la ẹnu bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun, kóró náà á sì bọ́ sílẹ̀. Abẹ́ igi ló ń bọ́ sí, níbi gan-an tí màmá mi ń tẹ́ ẹní sí lọ́sàn-án fún atẹ́gùn. Àwọn kóró wọ̀nyí ni Màmá Àgbà ń kọ́kọ́ gbá láràárọ̀, tó ń kó dà sí ààtàn. Ó kìlọ̀ fún mi. Ó ní, “Màmá rẹ kò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹyẹ yìí wà níbí. Ẹ̀rù kò dára fún aláboyún, pàápàá irú tirẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé o gbọ́?” Mo ní mo gbọ́.

Kò pẹ́ tí ẹyin òwìwí pa, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn àwọn ọmọ wọn nínú ihò, tín-ín-rín bíi ti ìrẹ̀, ni ìròyìn dé láti Pobẹ̀ pé ọmọ Màmá Àgbà ti bímọ. Ó di dandan kó lọ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò fẹ́ fi màmá mi sílẹ̀ nínú ipò tó wà, ó ní òun kò ní pẹ́. Bàbá mi wá ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta àwo lọ́jà Òkè-Ọ̀dàn, pé kó wá dúró ti màmá mi. Ìyá Òkè-Ọ̀dàn la ń pè é. Ènìyàn rere ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí lè mú kí ẹ bínú sí i. Ó fẹ́ràn màmá mi bí ojú, ó sì ń retí oyún náà ju bí bàbá mi gan-an ṣe ń retí rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dúró gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ orí rẹ̀.

Mo fẹ́ bá a gbálẹ̀ láàárọ̀, ó kọ̀. Ó ní ọmọdé kì í gbálẹ̀, ó kàn máa ń fi ìgbálẹ̀ ya ilẹ̀ ni. Ó kírun tán, ó mú ìgbálẹ̀, ó dé abẹ́ igi iyeyè, ó sì dúró. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó fi igi tú ọ̀kan nínú àwọn kóró náà wò. Ó já ewé, ó fi kó wọn láìfọwọ́ kàn wọ́n, ó sì gba ọ̀dọ̀ bàbá mi lọ.

“Irun rèé, egungun rèé,” ló wí. “Wọ́n dì í ní kóró-kóró sójú ibi tí ìyàwó ń jókòó. Oyún méjì ti lọ. Ta ló ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí? Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?”

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú. Àdá ló ń pọ́n. Ó pọ́n àdá lọ́jọ́ náà débi pé irin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìyá Òkè-Ọ̀dàn kò dúró de ìdáhùn. Ó wọ yàrá Màmá Àgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò rẹ̀ síta, ó ní bó bá ti dé, kó kọjá tààrà sí Àgọ́sásà, kó má tiẹ̀ jókòó. Mo dúró, mo ń wo ìkòkò ọbẹ̀ tí mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti lè jókòó, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ohun tí kò ní olówó. Mo ya ẹnu. Mo ní, “Ẹyẹ ni…” Ó ní ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo pa ẹnu dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní Màmá Àgbà ń bọ̀, mo yọ́ lọ sí ìkóríta tí ọkọ̀ ti máa ń já èrò sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí àti burẹ́dì gígùn ti Pobẹ̀ lábẹ́ apá, tó rà fún mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Kí lo wá ṣe níbí? Ṣé màmá rẹ wà dáadáa?”

Mo ní ó wà dáadáa. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Ohun tí òwìwí bì ni wọ́n ń pè ní oògùn?” Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó tì í lẹ́bàá ọ̀nà.

“Ẹ sọ fún wọn pé òwìwí ni,” ni mo wí.

“Wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀ pé òwìwí wà nílé. Kí ni kí n wí? Pé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti ń ṣọ́ ọ? Pé èmi ni mò ń gbálẹ̀ fún un?” Ó mi orí. “Orogún tó ń bá òwìwí ṣọ̀rẹ́ lórí ìyàwó tó lóyún. Ọmọ mi, ti oògùn yẹn sàn. Bí wọ́n bá ní oògùn ni, wọ́n lè ní kí n búra. Bí wọ́n bá gbọ́ òwìwí, wọn ò ní bi mí léèrè kankan mọ́. Wọ́n á sì gé igi náà, wọ́n á pa àwọn ọmọ yẹn. O ò ní sọ nǹkan kan.”

Mo sunkún. Ó bu burẹ́dì fún mi, ó ní kí n jẹ ẹ́ kó má bàa gbẹ. N kò mọ ẹlòmíràn tí yóò rántí pé burẹ́dì lè gbẹ nírú wákàtí bẹ́ẹ̀.

A dé ilé. Bàbá mi ní kò sí ẹni tí yóò lọ síbì kankan kí òun tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ohun kan tí mo fẹ́ràn lára bàbá mi nìyẹn, kì í lé ènìyàn láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, gbogbo wọn jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, bàbá mi lórí àpótí, Ìyá Òkè-Ọ̀dàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màmá mi lórí ẹní, Màmá Àgbà lórí ìkúnlẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn àká àgbàdo, níbi tí mo rò pé wọn kò rí mi. Ìyá Òkè-Ọ̀dàn tú ewé náà sílẹ̀.

Bàbá mi béèrè pé, “Ṣé o mọ nǹkan yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni Màmá Àgbà wí. “Èmi ni mo máa ń gbá a.”

“Kí ni?”

Ó wo ikùn màmá mi, ó sì dákẹ́. Bàbá mi tún béèrè, ó tún dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo rí i bí Ìyá Òkè-Ọ̀dàn ṣe mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ti parí. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lẹ́yìn àká láti lọ pariwo ohun tí mo mọ̀, kí wọ́n nà mí bí wọ́n bá fẹ́, ni màmá mi fi ọwọ́ ti ilẹ̀, tó dìde dúró.

Ẹ gbọ́, màmá mi kì í sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ. Bí Ìyá Òkè-Ọ̀dàn bá ní òṣùpá ni oòrùn, ẹ̀rín ni yóò rín. Lọ́jọ́ náà, ó mú ìdí ìró rẹ̀ le, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Òwìwí ló ń bì í. Ó wà nínú igi yìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ṣé ojú mi fọ́ ni? Ìyálé mi ń gbá a kí n má bàa rí i kí ẹ̀rù bà mí. Èmi náà ń ṣe bí ẹni tí kò rí i, kí ọkàn tirẹ̀ lè balẹ̀ pé n kò rí i.”

Màmá Àgbà gbójú sókè, ó ń wò ó. Gbogbo ìgbà tí àwa méjì rò pé à ń fi nǹkan pa mọ́ fún un, òun ló ń fi pa mọ́ fún wa.

“Òwìwí?” ni Ìyá Òkè-Ọ̀dàn wí. “Lórí aláboyún? Ọ̀rọ̀ tún burú ju bí mo ṣe rò lọ.”

“Bó bá burú, ẹ jẹ́ ká gbé e síbi tó yẹ,” ni màmá mi dáhùn. “Bí ẹni tó mọ̀ nípa ẹyẹ yìí tó sì dákẹ́ bá jẹ́ àjẹ́, èmi gan-an ni ẹ óò kọ́kọ́ lé. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ kó ìkòkò tèmi náà síta. Àgọ́sásà tó bá ń lọ ni mò ń bá a lọ, pẹ̀lú oyún yìí.”

Bàbá mi wo ìyàwó rẹ̀ kan, ó wo èkejì, ó wo igi. Ó wá ní, “Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná.” A sì jókòó. Mo ní a, torí wọ́n ti rí mi, kò sì sẹ́ni tó lé mi. Oòrùn ń rọlẹ̀. Ìyá Òkè-Ọ̀dàn ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àwọn ẹ̀gà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ó bà sórí ẹ̀ka rẹ̀, kékeré, roboto, ó ju ìrù sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì. Ó yí ẹ̀yìn sí wa. Nígbà tí Ìyá Òkè-Ọ̀dàn rí ojú ẹ̀yìn yẹn, tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di apá bàbá mi mú. Òwìwí náà na ọrùn, ó la ẹnu, ó fà, ó tún fà, ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ bí ti arúgbó tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu. Kóró kan sì bọ́ lulẹ̀ níwájú wa. Bàbá mi fi ìdí ìgbálẹ̀ tú u. Irun ni, àti egungun wẹ́wẹ́, àti orí ẹ̀lírí kan tí eyín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá mi gbé orí náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí. Ó bojú wo àká. “Eyín yìí ló ti ń jẹ àgbàdo mi,” ló wí. Ó bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí, ó rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì mọ̀ títí di òní bóyá ẹ̀rín nìkan ló wà nínú omi yẹn.

Ìyá Òkè-Ọ̀dàn kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Ó dìde, ó gbé ìkòkò àkọ́kọ́, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku kúrò lára rẹ̀, ó gbé e padà sí yàrá Màmá Àgbà. Ó padà wá gbé òmíràn. Màmá Àgbà fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kó jókòó, ṣé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìnàjò dé ni. Àmọ́ ó bu iyọ̀ díẹ̀ sínú iná nígbà tó ń dáná oúnjẹ alẹ́. Ẹ kò lè rí gbogbo rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ènìyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Wọn kò gé igi. Bàbá mi ní iṣẹ́ tí ẹyẹ yẹn ń ṣe fún òun pọ̀ ju ti ológbò lọ, kì í sì í jí ẹja. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àwọn ọmọ òwìwí jáde, wọ́n jókòó lórí ẹ̀ka kan náà, wọ́n fara mọ́ ara wọn, ìyẹ́ wọn ṣì rí wúruwùru, wọ́n ń wo ayé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Lásìkò yẹn náà ni màmá mi bí àbúrò mi ọkùnrin. Ọwọ́ Màmá Àgbà ló bọ́ sí. Ìyá Òkè-Ọ̀dàn ló ń pọn omi ìwẹ̀, ó ń pariwo lé gbogbo wa lórí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò mọ̀ pé òun ń pariwo.

Ẹ̀yin ọmọ, ayé ti yí. Ẹ̀ ń gbé inú ilé tí wọ́n fi bíríkì yí ká, tí kò sí igi kan nínú rẹ̀, wọ́n ní ewé ń dọ̀tí. Àwọn igi ńlá ọ̀nà Ayétòrò ti di pákó. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ súfèé yẹn kẹ́yìn, bí mo bá sì sú u nílé yìí, ajá nìkan ló ń dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá rí kóró irun lẹ́nu ọ̀nà yín lónìí, ẹ óò yà á ní fọ́tò, ẹ óò fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, orúkọ ìyá kan á sì ti bà jẹ́ kí ìyá náà tó gbọ́ pé wọ́n ń dárúkọ òun. Nígbà tiwa, bí wọ́n bá fẹ́ lé ènìyàn, wọ́n á kọ́kọ́ pè é, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á wò ó lójú. Mo mọ̀ pé nǹkan púpọ̀ ló burú nígbà tiwa. Ìyẹn kò sí lára wọn.

Màmá Àgbà dàgbà darúgbó kó tó kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ gba ọkọ̀ láti Àgọ́sásà wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé òkú ọmọ àwọn lọ sílé, torí bàbá mi ti kú, wọn kò sì rò pé orogún yóò du òkú orogún. Màmá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ó ní, “Wọ́n ti fẹ́ lé e lọ síbẹ̀ nígbà kan rí. N kò gbà nígbà yẹn, n kò ní gbà nísinsìnyí.” Ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn, wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá Òkè-Ọ̀dàn, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ló gbé ohùn sókè láti ibi tó jókòó sí. Ó ní, “Èmi ni mo fẹ́ lé e nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sùn sílé rẹ̀.” Wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ fún un ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Nígbà tó kan màmá mi náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ní ká tẹ́ òun sí, a sì tẹ́ ẹ síbẹ̀. Abà yẹn ti di ìlú nísinsìnyí, ọ̀nà ọkọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Àwọn tó ń kọjá máa ń rí sàárè méjì tó fara mọ́ ara wọn, wọn kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ìyálé àti èyí tó jẹ́ ti ìyàwó.